Kí ló dé tí àwọn starter Astros kì í fi bẹ́ẹ̀ parí eré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo wà, ọdún kọkànlá rèé. Ọmọ mi ló fà mí wọ inú bésíbọ́ọ̀lù, ní báyìí èmi gan-an ni mo máa ń pè é pé kó wá, Astros ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ajubọ́ọ̀lù wa á máa ṣe dáadáa, wọn ò rí i lù, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá á kàn jáde wá, á gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀. Síbẹ̀ náà, tó bá yá, a ó gbọ́ pé ìgbọ̀nwọ́ onítọ̀hún ti já, wọ́n ti gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ṣé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lágbára ni? Bàbá òyìnbó kan níbi iṣẹ́ mi ní Nolan Ryan kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ òun. Tóbi ti pé ọmọ ọdún 13, òun náà ń jubọ́ọ̀lù, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ìyá Tóbi, Houston."

Ìyá Tóbi, ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé. Ohun tó ń bí yín nínú yẹn ti bí èmi náà rí, débi pé mo dìde lórí àga onígbàjámọ̀, mo fi ìdajì orí sílẹ̀ láìgẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni. Ṣọ́ọ̀bù náà kò jìnnà sí Bissonnet, àwa tí a wà níbẹ̀ á tó mẹ́wàá, tẹlifíṣọ̀n sì wà lókè dígí. Eré keje nínú World Series, àṣekágbá ìdíje ọdún, ni, Astros àti Washington Nationals, ní ilé wa níbí. Zack Greinke ló ń jù fún wa. Odindi inning mẹ́fà nínú ìpín mẹ́sàn-án tí eré ní, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ lù dáadáa. A ti ní 2, wọn ò ní nǹkan kan. Nígbà tó di inning keje, Anthony Rendon tiwọn gbá home run kan, bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri, ó di 2-1. Greinke jẹ́ kí Juan Soto rìn lọ́fẹ̀ẹ́ sí base àkọ́kọ́, ibùdó tí ẹni tó bá lu bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ sá lọ. Bọ́ọ̀lù 80 péré ló ṣì jù. Ni AJ Hinch, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nígbà náà, bá jáde wá, ó nawọ́, ó gba bọ́ọ̀lù. Wọ́n fi Will Harris rọ́pò rẹ̀. Howie Kendrick gbá tiẹ̀ lọ síbi òpó tó wà ní ẹ̀bá pápá lápá ọ̀tún, ó ró gbàn-ìn, home run tún nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí kò mọ nǹkan kan nínú eré náà ló béèrè pé, "Ṣé èyí dára àbí kò dára?" Ibẹ̀ ni mo ti dìde. 6-2 ni wọ́n fi nà wá.

Títí dòní, bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ Houston bá yín jà, ẹ ṣáà dárúkọ Greinke.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ara mi rọlẹ̀, mo tún eré náà wò, mo sì ti yí ohùn padà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ń bẹ̀rù. Àwọn mẹ́sàn-án tó ń fi igi lu bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní onígi, kì í ṣe onígi ìdáná o, wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn ní ìtòtẹ̀lé tí kì í yí padà. Tí ẹnì kẹsàn-án bá ti gbá tiẹ̀ tán, ó tún padà sọ́dọ̀ ẹnì kìíní. Bí starter, ìyẹn ajubọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ eré, bá fi máa bá onígi 18 pàdé, gbogbo wọn ti rí i lẹ́ẹ̀mejì. Ìpàdé ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì sábà máa ń bọ́ sí inning karùn-ún tàbí ìkẹfà. Ẹ ti rí ayò ọlọ́pọ́n rí. Òpè tó bá jókòó ti ọ̀ta pẹ́, ó ń bọ̀ wá mọ ojú ọpọ́n tí ọ̀ta fi ń pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni onígi. Ó ti mọ èyí tó ń lọ tààrà, ó ti mọ èyí tó ń já wálẹ̀ lójijì, ó ti mọ bí apá ajubọ́ọ̀lù ṣe ń rí kó tó ju ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ojú onígi ṣe ń là, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ajubọ́ọ̀lù náà ń wúwo. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń ka àkọsílẹ̀ eré, ó sì dájú pé onígi ń lu starter kan náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà ìpàdé ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Arọ́pò tó ń ti ẹ̀yìn wá, wọn ò tíì rí i lálẹ́ ọjọ́ náà.

Torí náà èmi ò bá Hinch wí mọ́ pé ó yọ Greinke. Ohun tí mo ṣì ń bá a wí ni pé Gerrit Cole, ajubọ́ọ̀lù wa tó pa onígi 326 lójú ọdún yẹn, ìyẹn ni pé wọ́n lọ jókòó láìrí bọ́ọ̀lù rẹ̀ lù, jókòó sọ́hùn-ún títí eré fi parí, kò pè é.

Wàyí o, ẹ tún wo òdìkejì rẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, World Series bákan náà, eré kẹrin, ní Philadelphia. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn Phillies ti gbá home run márùn-ún lára Lance McCullers, 7-0 ni wọ́n fi lù wá, gbogbo ìlú náà ń hó yèè. Cristian Javier ló kàn. Ẹ̀yin náà á ti rí Javier rí: ojú rẹ̀ kì í yí padà, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yára. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù yẹn máa ń tan ojú jẹ. Onígi á rò pé ó ń bọ̀ wálẹ̀, bọ́ọ̀lù náà ò ní wálẹ̀ tó bó ṣe rò, igi á kọjá lábẹ́ rẹ̀. Inning mẹ́fà, onígi mẹ́sàn-án ló pa, kò sẹ́nì kan tó rí i lù. Dusty Baker, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nígbà náà, bá yọ ọ́. Mo gbọ́ tí ìyàwó mi pariwo láti ilé ìdáná: "Kí ló ṣe fún wọn?" Bryan Abreu wọlé, Rafael Montero tẹ̀ lé e, Ryan Pressly parí rẹ̀. Wọn ò rí bọ́ọ̀lù kankan lù lọ́wọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìgbà kejì nìyẹn láti ìgbà tí World Series ti wà. Ìgbà àkọ́kọ́ ni ti Don Larsen ní ọdún 1956. Lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà a gba ife.

Ẹ lè ní Baker kò fẹ́ràn kí èèyàn parí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Rárá o. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, Baker kan náà fi Framber Valdez sílẹ̀ fún inning mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án nígbà tí a gbá Cleveland, òun nìkan ló dá a jù látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì sẹ́ni tó rí i lù. Kí ló fà á? Ẹ gbọ́ iye náà. Javier ju bọ́ọ̀lù 97 nínú inning mẹ́fà. Framber ju 93 nínú mẹ́sàn-án.

Ẹni tó bá ń wo inning nìkan kò ní rí i. Iye bọ́ọ̀lù tí apá ti jù ni kí ẹ máa kà. Javier fẹ́ràn kí onígi gbá afẹ́fẹ́, kí ó lọ jókòó, èyí kì í sì í dín ní bọ́ọ̀lù mẹ́ta lórí ẹnì kan. Lọ́pọ̀ ìgbà ó ń tó márùn-ún, mẹ́fà. Framber ní tirẹ̀, ó fẹ́ kí o lù ú, àmọ́ kí o má lù ú dáadáa. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń rì nígbà tó bá dé iwájú rẹ, orí rẹ̀ ni igi rẹ yóò bà, á sì máa yí nílẹ̀ lọ sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ base. Bọ́ọ̀lù kan, ẹnì kan ti jáde. Ó sì bá pápá wa mu bí ẹni pé wọ́n dìídì kọ́ ọ dè é ni, nítorí ògiri apá òsì níbẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 315 lọ. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ń gòkè, home run ni wọ́n á máa gbá lára rẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó ń yí nílẹ̀ kò lè fò kọjá ògiri.

Mo fẹ́ràn ìtàn Framber, ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Dominican, ọmọ ọdún 16 ni àwọn ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà máa ń wá rà. Tí o bá ti ń sún mọ́ 20 tí kò sẹ́ni tó rà ọ́, wọ́n ti kà ọ́ sí arúgbó. Framber ti pé 21 kí Astros tó rí i ní ọdún 2015. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́jọ́ náà, iná mọ́tò ni wọ́n tàn sí pápá kí wọ́n tó lè rí ohun tó ń jù. 10,000 dọ́là ni wọ́n san. Iye kan náà ni wọ́n fi mú Javier. Ronel Blanco, tó wá ju eré tí ẹnikẹ́ni ò rí lù ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2024, iṣẹ́ fífọ mọ́tò ló ń ṣe nígbà kan, 5,000 dọ́là ni tirẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ní owó ló ń ra gbogbo nǹkan nínú eré yìí, ẹ rántí àwọn wọ̀nyí. Ní Houston, ẹni tí àwọn yòókù kọjá lára rẹ̀ ni wọ́n fi kó odindi ẹgbẹ́ starter jọ.

Ó wá ku ti ìgbọ̀nwọ́.

Ẹ fi ọwọ́ òsì yín di ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún mú, lápá inú, níbi tó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ yín. Iṣan kékeré kan wà níbẹ̀, kò gùn tó ìka ọwọ́, òun ló so egungun apá òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ẹ wá ká apá yẹn sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ sọ òkò, kí ẹ sì rọra ti ìgbọ̀nwọ́ síwájú, kí ọwọ́ ṣì wà lẹ́yìn. Ibi tí ẹ ti mọ̀ pé ó fẹ́ fà yẹn gan-an ni. Ajubọ́ọ̀lù ń fà á bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lálẹ́ ọjọ́ kan, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Eré ìmárale lè mú kí ẹran apá àti èjìká le sí i, ṣùgbọ́n iṣan yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà bá wọn. Bí ẹran ṣe ń lágbára tó ni ẹrù iṣan ń pọ̀ tó.

Ohun tó ń já a nìyí: bí bọ́ọ̀lù ṣe ń sáré tó. Ní ọdún 2008, bọ́ọ̀lù tààrà ní ìpele tó ga jù lọ ń sá máìlì 91.3 ní wákàtí kan, ní ìṣirò gbogbo àwọn ajubọ́ọ̀lù pọ̀. Ní 2024 ó ti di 94.2. Ìgbìmọ̀ tó ń darí eré náà fúnra rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní oṣù Kejìlá 2024, ohun tí wọ́n sì tọ́ka sí ni lílépa bọ́ọ̀lù tó ń sáré, lílépa bọ́ọ̀lù tó ń yí kiri, àti kí èèyàn máa fi gbogbo agbára ju ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe pé àwọn ọmọ yìí ò lágbára. Agbára wọn ti pọ̀ ju ohun tí iṣan yẹn lè gbé.

Ẹ ka ti tiwa nìkan. Luis Garcia, oṣù Karùn-ún 2023. Javier àti José Urquidy, oṣù Kẹfà 2024, nínú oṣù kan náà. Hayden Wesneski, oṣù Karùn-ún 2025. Ronel Blanco, oṣù Kẹfà 2025. Àwọn márààrún lọ fún iṣẹ́ abẹ kan náà láàárín ọdún méjì ó lé díẹ̀. Tommy John ni wọ́n ń pè é, orúkọ ajubọ́ọ̀lù Dodgers tí Dókítà Frank Jobe kọ́kọ́ ṣe é fún ní oṣù Kẹsàn-án 1974. Jobe yọ okùn iṣan láti apá ọ̀tún rẹ̀, ó dá ihò sínú egungun ìgbọ̀nwọ́ òsì, ó sì fi so ó bí ẹni ń fi okùn gán bàtà. Ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ó ṣeé ṣe kó padà jù. Tommy John padà ní 1976, ó sì tún fi apá yẹn gba eré 164. Justin Verlander ṣe é ní 2020, ó fi odindi ọdún kan jókòó sílé, ó padà wá ní 2022 lẹ́ni ọdún 39, ó gba eré 18, mẹ́rin péré ló pàdánù, wọ́n sì fún un ní Cy Young, ẹ̀bùn ajubọ́ọ̀lù tó dára jù lọ lọ́dún. Nítorí ìyẹn ni àwọn òbí kan fi ń rò pé iṣẹ́ abẹ yìí dà bí kí èèyàn pààrọ̀ táyà. Ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ ni èèyàn fi ń jókòó, Ìyá Tóbi, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ ló ń bọ̀.

Bàbá ibi iṣẹ́ yín kò purọ́ nípa Nolan Ryan. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jù fún Astros, 1980 sí 1988. Àròpọ̀ onígi tó pa láyé rẹ̀ jẹ́ 5,714, kò sì tíì sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ní 1973 àti 1974, nígbà tó wà ní California, eré 26 ló dá parí ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Láyé ìgbà náà, bí ọjà ọrún ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń ná starter wọn: mẹ́rin ni wọ́n, tí o bá jù lónìí, ó di ọrún kó tó tún kàn ọ́. Lóde òní márùn-ún ni wọ́n, Astros tiẹ̀ ń lo mẹ́fà nígbà míì. Ṣùgbọ́n ẹ bi bàbá náà bí Ryan ṣe fẹ̀yìn tì. Ní Seattle ni, ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 1993, lẹ́ni ọdún 46. Iṣan ìgbọ̀nwọ́ yẹn kan náà ló já, lórí pápá, ojú gbogbo ayé. Ó sì jẹ́ Ryan o, tí Ọlọ́run dá yàtọ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ ni ẹni tó ń jù pẹ̀lú Ryan ní Houston níbí ní 1980, James Rodney Richard, J.R. lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íńṣì mẹ́jọ. Tó bá na apá tán, ó máa ń dà bí ẹni pé iwájú onígi ló ti jù ú. Ó pa onígi 303 ní 1978, ó pa 313 ní 1979. Ní 1980 ó ti gba eré mẹ́wàá kí ìdajì ọdún tó pé dáadáa, òun ni wọ́n sì fi ṣíde eré àwọn àṣàyàn ní oṣù Keje. Ní àkókò kan náà yẹn ló ń sọ pé apá òun ti kú, pé kò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu mọ́. Ó máa ń kúrò lórí pápá nígbà tí eré ṣì wà láàárín. Kí ni wọ́n sọ? Wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Wọ́n ní ó ń jowú owó tí wọ́n san fún Ryan. Aláwọ̀ dúdú ni J.R., mi ò ní pé ìyẹn nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n mo ti gbé ìlú yìí pẹ́ tó láti mọ ẹni tí wọ́n tètè máa ń pè ní ọ̀lẹ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 1980, níbi tó ti ń rọra ju bọ́ọ̀lù nínú Astrodome, ó ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀nà, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Kò ju bọ́ọ̀lù ní ìpele yẹn mọ́ títí ayé. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, ìgbà kan wà tó ń sùn lábẹ́ afárá ní Houston wa níbí, kí àwọn ará ìjọ kan tó gbé e dìde tó sì di oníwàásù. Oṣù Kẹjọ 2021 ló kú, lẹ́ni ọdún 71.

Torí náà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá jáde wá láti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ tó ní apá òun ti ń wúwo, èmi kì í hó lé e lórí mọ́. Ti Greinke ni ti Greinke.

Ní ti Tóbi, èmi ò ní sọ pé kí ẹ má jẹ́ kó jù. Mo ń bá àwọn ọmọdé ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, mo sì ti ṣe àṣìṣe tèmi. Ọmọ ọdún 12 kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà kan, apá rẹ̀ dùn ún wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo jẹ́ kó ju 60. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó tún ń lọ jù fún ẹgbẹ́ mìíràn nírọ̀lẹ́, èmi náà ò sì béèrè. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìgò omi fún un, ó fi ọwọ́ òsì gbà á. Mo fẹ́ bá a wí nítorí pé ọmọ Yorùbá ni, kí ló dé tó ń fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ó ní, "Uncle, ọ̀tún ò nà tán." Oṣù mẹ́rin ló fi jókòó. Ọlọ́run ló yọ wá pé kò já.

Iye tí wọ́n là sílẹ̀ fún ọmọ ọdún 13 àti 14 ni 95 lọ́jọ́ kan, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ju 66 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kó fi sinmi. Láti 51 sí 65, ọjọ́ mẹ́ta. Láti 36 sí 50, ọjọ́ méjì. Láti 21 sí 35, ọjọ́ kan. Kó má ju bọ́ọ̀lù kó tún lọ jókòó sẹ́yìn onígi máa mú un ní ọjọ́ kan náà, nítorí amúbọ́ọ̀lù náà ń jù padà. Nínú ọdún, kó fi oṣù mẹ́rin sílẹ̀ láìjù rárá, kí méjì ó kéré tán nínú rẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sanwó kóòṣì tí yóò kọ́ ọ bí yóò ṣe ju máìlì 80 kí ọdún tó parí, ẹ fi owó yẹn ra bàtà fún un.

Kóòṣì rẹ̀ lè máa kà á, ṣùgbọ́n ti ẹgbẹ́ tirẹ̀ nìkan ló ń kà. Ẹ̀yin ni kí ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa fa igi kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ fún bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ti Sátidé, ti ilé ìwé, àti ti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá wọ mọ́tò lẹ́yìn eré, ẹ fún un lómi, kí ẹ wo ọwọ́ tó fi gbà á.